Oúnjẹ àgbò, oúnjẹ ẹja: ọmọ epìyà nínú àgò orí omi

Bó bá jẹ́ inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń gbọ́ mi, láàárín Ìyànà-Ìbà sí Okokomaiko, ẹ yọ etí kan sílẹ̀ kí kọ̀ńdọ́ má bàa gbé ṣéńjì yín lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo wà ní Alaba Rago, níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹran. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ mọ̀ pé àgbò ló fún ọjà yẹn lórúkọ, nítorí rago ni àwọn Hausa ń pe àgbò. Níbi tí àgbò bá sì pọ̀ sí, oúnjẹ àgbò kò ní wọ́n níbẹ̀. Àpò dúsà jókòó lórí ara wọn bí ìgbà tí wọ́n mọ ògiri. Dúsà yìí ni àwa ń pè ní èèrí, ìyẹn ohun tó máa ń kù lára ọkà bàbà, àgbàdo tàbí jéró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ èyí tí èèyàn máa jẹ kúrò. Èèpo ẹ̀wà wà níbẹ̀, ewé ẹ̀pà gbígbẹ wà níbẹ̀, kúlíkúlí tí wọn kò fi ata àti iyọ̀ sí náà wà níbẹ̀. Mo ra dúsà, mo ra kúlíkúlí, ni Alhaji tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ bá béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tipẹ́:

"Ìwọ ọmọ yìí, àgbò mélòó lo tiẹ̀ ní?"

"Alhaji, ẹ má bínú, mi ò ní àgbò kankan. Ẹja ni mo ń sìn."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ẹja ń jẹ dúsà?"

"Ó ń jẹ ẹ́, sà. Àmọ́ kì í ṣe òun nìkan."

Ọ̀rọ̀ "kì í ṣe òun nìkan" yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, torí owó mi ti bá a lọ rí.

Arábìnrin kan tó ń gbọ́ ètò wa ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní òun máa kó àjọ òun lópin oṣù yìí, ₦300,000. Ó ti rí fídíò ọkùnrin kan tó ní èèrí nìkan lòun fi ń bọ́ ọmọ epìyà nínú àgò orí omi, pé owó oúnjẹ kò tó nǹkan, pé láàárín oṣù mẹ́ta èèyàn á ti máa ka owó. Arábìnrin wa ní ṣé kí òun kó gbogbo owó náà sí i. Àjọ oṣù mẹ́wàá nìyẹn o. Mo fi ohùn dá a lóhùn pé kó dá mi dúró di ọ̀sẹ̀ yìí, kí n lè ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, kí àwọn míì tó ń gbèrò bẹ́ẹ̀ náà lè gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Nígbà àkọ́kọ́ tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan dán iṣẹ́ yìí wò, a ra ọmọ epìyà 1,000, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ìyá wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju hóró ìrẹsì lọ. A ti kan àgò sílẹ̀: ọparun mẹ́rin tí a dì pọ̀, kẹ́ẹ̀gì òfìfo ní igun kọ̀ọ̀kan kó lè léfòó, àwọ̀n tó ní ojú wẹ́wẹ́ tí a so rọ̀ sínú omi. A ra dúsà. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a máa wa ọkọ̀ lọ, a máa da ẹ̀kúnwọ́ dúsà sójú omi, àwọn ẹja á ru gùdù, inú wa á dùn. A ya fọ́tò, a gbé e sí status. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún a fa àwọ̀n sókè láti kà wọ́n. 212 ni a bá. Àwọn tó kù nínú wọn, orí tóbi, ara rù. Àwọn mélòó kan tóbi gan-an láàárín wọn, a sì kọ́kọ́ yọ̀ sí ìyẹn, kó tó di pé bàbá apẹja kan tó ń kọjá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn yẹn ló jẹ àwọn yòókù."

Òótọ́ ni bàbá sọ. Bí ebi bá ń pa ọmọ epìyà, èyí tó bá fi díẹ̀ tóbi ju èkejì lọ á gbé e mì. A kò tiẹ̀ mọ̀ pé ebi ń pa wọ́n, torí gbogbo ìgbà la rí wọn tí wọ́n ń jẹun.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Nǹkan méjì ni. Èkíní, nínú dúsà tí a ń dà, èyí tó fẹ́lẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gba ojú omi jáde kúrò nínú àgò, èyí tó wúwo sì ń rì gba ojú àwọ̀n kọjá lọ sísàlẹ̀. Àwọn ẹja inú odò tó wà níta ni a ń bọ́ ní ọ̀fẹ́. Èkejì, èyí tí wọ́n rí jẹ gan-an kò lè kọ́ ara wọn.

Ìdí nìyí. Ọmọ epìyà dà bí ọmọ tuntun, ẹran ara ló ń kọ́ lójoojúmọ́. Oúnjẹ rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní èròjà amúaradàgbà tó tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ti tó bí ìka ọwọ́, tí àwọn ọlọ́sìn ẹja ń pè ní fingerlings, ìdá 30 sí 35 tó o. Tó bá wá dàgbà, ó lè wá sí 25 sí 30. Dúsà ńkọ́? Bí ìdá 12 ni. Bí ìgbà tí èèyàn ń fi omi ògì lásán tọ́ ìkókó láìsí ọyàn ni. Àgbò lè jẹ dúsà kó sanra, torí inú rẹ̀ yàtọ̀, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, àwọn kòkòrò kéékèèké inú ikùn rẹ̀ sì ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹja kò ní irú ikùn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kùnrin inú fídíò yẹn lè má parọ́ pátápátá, ẹ má ṣì mí gbọ́. Epìyà tó ti dàgbà lè gbé nínú omi tó ní àwọ̀ ewé dáadáa, kó máa sẹ́ ewé wẹ́wẹ́ inú omi jẹ, kí èèrí sì jẹ́ àfikún. Ní ilẹ̀ Éṣíà, tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń fi èèrí ìrẹsì bọ́ ẹja. Àmọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ìyá rẹ̀, tó wà nínú àgò tí kò lè jáde lọ wá nǹkan míì jẹ, ohun tí o bá fún un nìkan ló ní láyé.

Mo ti ń sọ "lẹ́nu ìyá", ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, torí ó dùn mọ́ mi. Epìyà tí ọ̀pọ̀ ń sìn, èyí tí wọ́n ń pè ní ti odò Náìlì, abo rẹ̀ ló máa ń kó ẹyin sẹ́nu. Ní gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ bá wà níbẹ̀, kì í jẹun. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, á tu wọ́n sílẹ̀, tí ewu bá yọjú á tún la ẹnu kí wọ́n sá wọlé. Èyí tó wà nínú ọ̀sà tiwa, tó ní dúdú lábẹ́ àgbọ̀n, tó ń gbé inú omi tí iyọ̀ bá dà pọ̀ mọ́, akọ rẹ̀ ni ó ń ṣe ìyẹn. Ẹ ò rí i, ẹ̀yin bàbá ọmọ.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ owó ló kù, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí arábìnrin wa fi ọkàn sí. Nínú iṣẹ́ ẹja, oúnjẹ ló ń kó ju ìdajì owó tí èèyàn ń ná lọ, ó lè dé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń wá oúnjẹ pọ́ọ́kú. Kò burú. Àmọ́ iye tí àpò kan jẹ́ kọ́ ni ká máa bi ara wa. Ohun tó yẹ ká bi ni pé: kí n tó rí ẹja kílò kan, èló ni oúnjẹ máa gbà lọ́wọ́ mi? Ẹ jẹ́ ká fi ẹnu ṣírò, kí ẹ sì fi iye ọjà tọ̀sẹ̀ yìí rọ́pò tèmi. Ká ní oúnjẹ kan jẹ́ ₦2,000 ní kílò, tí kílò kan àbọ̀ rẹ̀ á sì fún ẹ ní ẹja kílò kan. ₦3,000 lo ná. Ká ní èkejì jẹ́ ₦900 péré, àmọ́ kílò mẹ́rin ni ẹja gbọ́dọ̀ jẹ kó tó wúwo ní kílò kan, torí kò lágbára tó, torí ìdajì rẹ̀ sì ń rì lọ. ₦3,600 nìyẹn. Èyí tó pọ́ọ́kú lọ́jà wọ́n jù nínú omi. A kò tíì wá ka àwọn tó kú mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kejì tí a máa bẹ̀rẹ̀, a kò sá fún Alaba Rago. A kàn yí bí a ṣe ń rà á padà ni.

Fún oṣù àkọ́kọ́, a kì í fi dúsà ṣe olórí. Ìdá mẹ́ta ẹja kékeré gbígbẹ tí a lọ̀ di ìyẹ̀fun, ìdá márùn-ún sóyà tí a yan, ìdá méjì èèrí tó fẹ́lẹ́ jù. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó ń sún mọ́ ìdá 40 tí mo sọ. Ó wọ́n, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ọmọ ẹja 1,000 tí kò tíì tó gíráàmù kan, mélòó ni wọ́n fẹ́ jẹ? Lápapọ̀ gbogbo wọn kò tíì wúwo tó kílò kan. Kékeré ni oúnjẹ oṣù àkọ́kọ́ nínú gbogbo oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ láyé. Ibi tí kò yẹ kéèyàn ti ṣahun nìyẹn, ibẹ̀ gan-an sì ni àwa ti ṣahun.

Ẹ má fi sóyà tútù sí i o. Ó ní ohun kan nínú tí kì í jẹ́ kí ẹja rí èròjà inú rẹ̀ lò. Iná ló ń pa á. Ẹ yan án bí ẹni ń yan ẹ̀pà, kó pọ́n díẹ̀, kó má jóná.

Láti oṣù kejì ni Alhaji tó wọ ọ̀rọ̀. Kúlíkúlí ní bí ìdá 44 amúaradàgbà, dúsà ní bí 12. Èmi fẹ́ 30. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀ rọrùn débi pé ẹ lè ṣe é lórí fóònù yín nínú ọjà: ẹ yọ 12 kúrò nínú 30, ó ku 18, ìpín kúlíkúlí nìyẹn. Ẹ yọ 30 kúrò nínú 44, ó ku 14, ìpín dúsà nìyẹn. 18 sí 14. Nínú kílò mẹ́wàá, kúlíkúlí á jẹ́ bíi kílò márùn-ún ààbọ̀ ó lé díẹ̀, dúsà á jẹ́ bíi mẹ́rin ààbọ̀ ó dín díẹ̀. Kò parí síbẹ̀ ṣá o, torí kúlíkúlí nìkan kò ní gbogbo irú èròjà tí ẹja ń fẹ́. Ẹ mú díẹ̀ nínú kúlíkúlí yẹn kúrò, ẹ fi sóyà yíyan àti ẹja gbígbẹ díẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ara wọn á dán.

Ibi tí mo ti fẹ́ pariwo rèé: kúlíkúlí tó ti bu, ẹ má rà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí ẹ bá rí funfun tàbí àwọ̀ ewé lára rẹ̀, tàbí tí ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, ẹ fi sílẹ̀. Olú tó ń hù lára ẹ̀pà máa ń ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ẹ̀dọ̀ ẹja ni ó máa ń bà jẹ́, sísè kì í sì í pa á. Nígbà òjò, tí àpò bá ti jókòó sórí ilẹ̀ olómi, kí ẹ ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò kí ẹ tó sanwó. Alhaji á bú yín. Ẹ jẹ́ kó bú yín.

Ohun míì tún wà tí kò ná wa ju owó ọkọ̀ lọ. Èèrí ògì lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń sẹ́ ògì ládùúgbò. Ẹ sá a gbẹ lọ́jọ́ kan náà kó má kan jù. Èérún èkùrọ́ tí wọ́n ti fún àdín rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí oòrùn gbẹ dáadáa, kì í ṣe tútù, torí tútù ní oró nínú. Gbogbo wọn àfikún ni, agbára wọn kò jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ pò ó pọ̀ pẹ̀lú sítáàṣì díẹ̀ tí ẹ ti fi omi gbígbóná rò, ẹ gbà á kọjá nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹran, ẹ sá a, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ tó ẹnu ẹja yín. Tiwa kì í léfòó bíi ti ilé-iṣẹ́ ńlá, ó ń rì. Kò síṣòro: a gbé àwo aláwọ̀n tó ní ojú wẹ́wẹ́ púpọ̀ rọ̀ sínú àgò, bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ojú omi, ibẹ̀ ni oúnjẹ ń bọ́ sí. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, a fà á sókè. Tó bá ṣófo, a fi kún un lọ́la. Tí oúnjẹ bá kù, a dín in kù. Fún àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n ń jẹ ìyẹ̀fun, a fi ọparun ṣe òrùka kan sójú omi kí afẹ́fẹ́ má bàa fẹ́ ẹ jáde. Òrùka yẹn kò ná wa ní kọ́bọ̀, òun ni mo sì gbà pé ó gba ẹja wa là jù lọ.

Wọ́n máa ń béèrè pé báwo ni ká ṣe mọ ìwọ̀n. Ẹ fi síkéèlì kékeré wọn 50 nínú wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù márùn-ún, 1,000 wọn jẹ́ kílò márùn-ún. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lójúmọ́ jẹ́ 250 gíráàmù, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àwọn tó ṣì kéré gan-an ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìwọ̀n tiwọn, wọ́n sì fẹ́ kí á máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ pàápàá. Bí ẹ bá sì ń wọ̀n wọ́n, ẹ ṣa àwọn tó ti tóbi jù sọ́tọ̀, kí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ó ku omi. Ọ̀pọ̀ fídíò kì í dé ibẹ̀.

Láàárín Ọ̀jọ́ sí Àgbádárìgì, omi ló yí wa ká: odò tó gba ẹ̀yìn Ọ̀jọ́ lọ sí Àgbádárìgì, àti ọ̀sà Ologe lápá Òtò-Awori. Èèyàn á rò pé ibikíbi ni òun lè gbé àgò sí. Rárá o. Ọ̀sà Ologe, odò Owo ló ń gbé omi wá síbẹ̀, odò yẹn sì ń kọjá lágbègbè ilé-iṣẹ́ Agbára. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn olùkọ́ fásitì ti ń wọn irin olóró nínú omi, ẹrẹ̀ àti ẹja ibẹ̀, wọ́n sì ń rí i. Ẹja inú àgò kò lè sá kúrò nígbà tí omi bá yí àwọ̀. Èmi kì í gbé àgò sí ìsàlẹ̀ ojú kòtò ilé-iṣẹ́ tàbí ojú gọ́tà ọjà, bó ti wù kó sún mọ́ ilé tó. Bí ẹ bá ní iyèméjì, LASU tó wà ní Ọ̀jọ́ níbí ní ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ẹja. Ẹ gbé omi sínú ìgò lọ bi wọ́n.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí omi ṣe jìn. Ìsàlẹ̀ àgò gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán mítà kan jìnnà sí ẹrẹ̀, torí ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó rì ń jóko síbẹ̀, wọ́n sì ń gba atẹ́gùn inú omi. Ìdájí ni atẹ́gùn inú omi máa ń kéré jù. Tí ẹ bá débẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ tí gbogbo ẹja gbé ẹnu sójú omi tí wọ́n ń mí gùdùgùdù, ẹ má fún wọn ní oúnjẹ o, kò pa wọ́n. Ẹ fọ àwọ̀n. Ewé inú omi tó bo ojú àwọ̀n ni kì í jẹ́ kí omi tuntun wọlé.

Ẹ tún rántí koríko tó ń léfòó, tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, water hyacinth. Ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, lójú omi Àgbádárìgì tiwa níbí gan-an, láti apá Àjàṣẹ́ ló ti wọlé. Tí òjò bá rọ̀, ó máa ń wá ní òkìtì-òkìtì. Tó bá fara ti àgò, ó lè fà á lọ, ó sì lè bo omi mọ́lẹ̀. Ẹ na ọparun kan sí iwájú àgò láti dá a dúró.

Mo mẹ́nu ba Àjàṣẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn Ègùn lórí adágún Nokoué, níbi tí ìlú Ganvié wà, ti mọ nǹkan kan tipẹ́ kí YouTube tó dé. Wọ́n ń gún ẹ̀ka igi mọ́ inú ọ̀sà tó fi di igbó lábẹ́ omi, wọ́n ń pè é ní àkájà. Ewé wẹ́wẹ́ á hù lára igi, epìyà á wá jẹ ẹ́, á sá pa mọ́ síbẹ̀, á bímọ síbẹ̀. Oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò rà. Láti ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti so imọ̀ ọ̀pẹ àti ọparun rọ̀ sínú àgò mi. Ọmọ ẹja máa ń họ ọ́ jẹ láàárín oúnjẹ sí oúnjẹ. Kì í rọ́pò kúlíkúlí, àmọ́ ó ń dín ebi kù, àwọn kékeré sì ń rí ibi sá pa mọ́ sí.

Gánà ni wọ́n ti sọ epìyà inú àgò di òwò ńlá jù ní apá ìwọ̀-oòrùn yìí, lórí adágún Volta tí ìdídò Akosombo dá sílẹ̀. Wọ́n ń ṣe dáadáa. Ní 2018, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní ISKNV fà, ẹja ń kú rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ló sì bá a lọ. Àgò sún mọ́ àgò, omi kan náà ni gbogbo wọn ń pín. Èyí ni mo fi ń bi ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta ọmọ ẹja fún mi pé níbo ló ti kó wọn wá, mo sì máa ń fẹ́ fi ojú ara mi rí ìyá wọn. Bó bá ń yẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì, mo ń lọ.

Àṣẹ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ lọ rí baálẹ̀ àti àwọn apẹja etí omi. Kì í ṣe torí ìwé o, torí pé ojú omi yẹn ni wọ́n ti ń jẹun kí ẹ tó dé, àwọn náà ni yóò sì máa wo àgò yín lóru. Ìjọba náà ní tirẹ̀: ní oṣù kìíní 2024, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé ìjọba àpapọ̀, nípasẹ̀ àjọ NIWA, ló ni àṣẹ lórí ọ̀nà omi abẹ́lé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó na àgò sí ojú ọ̀nà ọkọ̀.

Ó yá, arábìnrin wa. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí. Ohun tí èmi máa ṣe bó bá jẹ́ owó mi nìyí. Mi ò ní kó ₦300,000 yẹn sínú omi lẹ́ẹ̀kan. Màá fi ìdá kan nínú mẹ́ta ṣe àgò kan, kí n sì ra ọmọ ẹja tí kò ju 500 lọ. Ìdá kan á dúró fún oúnjẹ, títí dé ọjọ́ tí màá tà, kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdá kẹta kò ní kúrò nílé, torí àjọ oṣù mẹ́wàá kì í ṣeré. Mi ò sì ní dúró kí wọ́n di ẹja ọbẹ̀. Màá tọ́ wọn fún bí oṣù méjì, títí wọ́n á fi tó gíráàmù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n tà wọ́n fún àwọn tó ní adágún tí kò lè tọ́ ọmọ kékeré. Ìdí tí àwọn yẹn fi ń rà á ni pé apá tó nira jù lọ ti kọjá. Àwọn tí màá tà á fún ni màá sì kọ́kọ́ wá, ẹni méjì ó kéré tán, kí n tó kan ọparun kan mọ́ ìkejì. Ọ̀pọ̀ wa, ìgbà tí ẹja bá ti kún àwọ̀n la tó ń wá oníbàárà.

Bí ẹni tí ẹ fẹ́ tà á fún bá ní akọ nìkan lòun fẹ́, torí akọ ló ń yára dàgbà, ẹ ní sùúrù kí wọ́n tó 20 gíráàmù ó lé, kí ẹ wá yí wọn sẹ́yìn wò lábẹ́ ikùn: akọ ní ojú ihò méjì, abo ní mẹ́ta. Ojú á ro yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání.

Ẹ̀ẹ̀kejì tí a ṣe é, nínú 1,000 tí a kó sínú omi, 760 la kà jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ wọn láàárín gíráàmù mẹ́jọ sí méjìlá. Akàn ya àwọ̀n wa lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ló kó àwọn kan lọ. Èrè tó wá kò pọ̀, àmọ́ ó san gbèsè ti àkọ́kọ́ tán, ó sì ku owó àwọ̀n tuntun.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wà nínú omi báyìí. Sátidé tó ń bọ̀ la máa kà wọ́n. Iye tí a bá kà, ì báà pọ̀, ì báà kéré, màá sọ ọ́ fún yín lórí ètò yìí. Alhaji ti ní òun fẹ́ wá fi ojú ara òun rí ẹja tó ń jẹ dúsà òun, mo sì ti sọ fún un pé kó má wọ bàtà tuntun wá. Arábìnrin wa, bí ẹ bá ráyè, ẹ bá wa débẹ̀. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ kí n sọ ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀. Ó dìgbà kan ná o.